Ta Ni Ó Ni Orúkọ Náà? Ilé Kọfí Edward Lloyd àti Ìdúróṣinṣin Oníbàárà ní London, 1652 sí 1774

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ nípa ọjà títà ti ń béèrè ohun tí ó ń mú kí ènìyàn máa padà sí ilé kọfí kan ṣoṣo nígbà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ mìíràn wà ní ìlú. Ìdáhùn tí wọ́n sábà máa ń fún wa ni adùn kọfí náà, ìrọ̀rùn ìjókòó, ọ̀yàyà àwọn òṣìṣẹ́, àti káàdì tí a fi ń ka iye ìgbà tí oníbàárà wá kí ó lè rí ife kan gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ray Oldenburg, nínú ìwé rẹ̀ The Great Good Place (1989), fi kún un pé ọmọ ènìyàn nílò ibi kẹta kan tí kì í ṣe ilé, tí kì í sì í ṣe ibi iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ Starbucks, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Seattle ní 1971, sì fi èrò náà polówó ara rẹ̀ káàkiri àgbáyé.

Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín yàtọ̀ sí èyí. Bí a bá padà sí London ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún àti ìkejìdínlógún, nígbà tí orúkọ àwọn ilé kọfí kan di ohun ọrọ̀ ní ìlú náà, a ó rí i pé ohun tí ó so oníbàárà mọ́ ilé kọfí ni ohun tí àwọn oníbàárà fúnra wọn kó jọ síbẹ̀: ìròyìn, ìgbẹ́kẹ̀lé, àti ìmọ̀ nípa ẹni tí ń san gbèsè àti ẹni tí kì í san. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n kó ẹrù wọn, orúkọ ilé náà bá wọn lọ. Ilé kọfí Edward Lloyd ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ fún èyí, òun ni a ó sì gbájú mọ́.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, oníbàárà. (Àmì ohùn ṣe pàtàkì lórí rẹ̀, bí a bá ṣi ohùn gbé sí i, ọ̀rọ̀ alágbe ni a ó máa sọ.) Nínú ọjà Yorùbá, ẹni tí ń tà a máa pe ẹni tí ń rà ní oníbàárà òun. Ẹni tí ń rà náà a sì máa nawọ́ sí ìsọ̀ ìyá aláta tí ó ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, a ní, “Oníbàárà mi nìyẹn.” Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn méjèèjì. Nínú Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ará London ń sọ, ẹni tí ń rà nìkan ni ọ̀rọ̀ náà wà fún, èyí sì ń jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé olùtajà ni ó ni oníbàárà, bí ó ṣe ni àga àti tábìlì rẹ̀. Ohun tí ó wà láàárín oníbàárà méjì ní ọjà tiwa ni èènì tí a fi lé òṣùwọ̀n, àwìn tí a gbà nígbà tí ọwọ́ kò dẹ̀, àti òtítọ́ tí olùtajà sọ nígbà tí ata kò dára. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè sọ pé òun nìkan ni ó ni àjọṣe bẹ́ẹ̀. Ojú yìí ni a ó fi wo London, nítorí ó jọ pé ó ń jẹ́ kí á rí ohun tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi pamọ́.

Ní 1652 ni Pasqua Rosée bẹ̀rẹ̀ sí í ta kọfí ní St Michael's Alley, ní àdúgbò Cornhill. Ìránṣẹ́ ni ó jẹ́ fún Daniel Edwards, oníṣòwò kan tí ó ti gbé ní Smyrna, ìlú tí a ń pè ní Izmir lónìí, tí mímu kọfí sì ti mọ́ lára níbẹ̀. Ìtàn sọ pé àwọn àlejò tí ń wá mu kọfí nílé Edwards pọ̀ débi pé wọn kò jẹ́ kí ó ráyè ṣiṣẹ́, òun ni ó fi gbà kí ìránṣẹ́ rẹ̀ máa tà á níta. Ìwé pélébé tí Rosée tẹ̀ jáde, The Vertue of the Coffee Drink, sọ pé kọfí ń mú oúnjẹ dà, pé ó ń wo orí fífọ́, pé kì í jẹ́ kí ènìyàn tòògbé lẹ́nu iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbọ́ àwọn ọlọ́jà àgbo nínú bọ́ọ̀sì láti Ìbàdàn sí Èkó yóò mọ irú ìpolówó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọlọ́tí àdúgbò fẹjọ́ rẹ̀ sùn pé àlejò ni, pé kò ní ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú láti tajà nínú London. Ọgbọ́n tí a dá sí i ni pé a mú Christopher Bowman, tí ó ní ẹ̀tọ́ náà, ṣe alábàáṣe rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí orúkọ Rosée fi pòórá nínú àkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n òwò kọfí kò bá a lọ.

Kí a má ṣe tan ara wa jẹ nípa adùn. Láti 1660 ni ìjọba ti ń gba owó orí lórí kọfí tí a ti sè, pẹ́nì mẹ́rin lórí gálọ́ọ̀nù kan. Òṣìṣẹ́ ìjọba ní láti wọn kọfí náà kí a tó tà á. Nítorí èyí, ohun tí ó rọrùn fún onílé kọfí ni kí ó sè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìkòkò ńlá, kí ó rọ ọ́ sínú àgbá, kí ó sì máa gbé e kaná padà bí oníbàárà bá ti ń dé. Omi èédú ni àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ń fi í wé, ó sì ṣòro láti sọ pé wọ́n parọ́ mọ́ ọn. Ilé kan kò lè fi adùn ta èkejì yọ nígbà tí ó jẹ́ pé bákan náà ni gbogbo wọn ṣe ń sè é. Iye owó náà kò yàtọ̀ púpọ̀: pẹ́nì kan ni ènìyàn ń san, tí yóò sì jókòó pẹ̀lú ìwé ìròyìn àti ọ̀rọ̀ títí tí yóò fi wù ú. Àwọn obìnrin pọ̀ nídìí iná àti nídìí owó gbígbà, opó tí ó ń darí ilé kọfí fúnra rẹ̀ kò sì ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àwọn tí ń jókòó sídìí tábìlì. Nígbà náà, kí ni ó ń mú kí ọkùnrin kan rékọjá ilé kọfí márùn-ún kí ó tó dé ti ẹ̀kẹfà?

Ọba Charles Kejì rò pé òun mọ ìdáhùn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá 1675 ó pàṣẹ pé kí gbogbo ilé kọfí di títì pa láti ọjọ́ 10 oṣù Kìn-ín-ní, nítorí pé àwọn ènìyàn ń jókòó síbẹ̀ tan irọ́ kálẹ̀ nípa ìjọba. Ariwo ta, nígbà tí ó sì ku ọjọ́ méjì kí àṣẹ náà bẹ̀rẹ̀ ni ọba yí i padà. Jürgen Habermas, nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti 1962 lórí ìgbé-ayé gbogboògbò, ka ilé kọfí London mọ́ ibi tí àwọn ará ìlú ti kọ́ láti jíròrò ọ̀rọ̀ ìjọba láìbẹ̀rù ipò ẹnikẹ́ni, ọ̀pọ̀ òpìtàn sì ti tẹ̀ lé e. Ó tọ́ dé àyè kan. Ṣùgbọ́n ojú tí Habermas fi wò ó ti pọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Àwọn onílé kọfí tí wọ́n lọ bẹ ọba kò gbé òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ lárugẹ. Ọjà tí wọ́n ti rà sílẹ̀, oúnjẹ òòjọ́ wọn, àti owó orí tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń rí gbà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n sọ. Owó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Irú ìdúróṣinṣin kan wà tí ó dá lórí ènìyàn kan ṣoṣo. Ní Covent Garden, ilé kọfí William Urwin, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Will's, di ilé àwọn akéwì nítorí John Dryden. Dryden ní àga tirẹ̀ níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná nígbà òtútù, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè nígbà oòrùn. Ó kú ní 1700. Nígbà tí ó fi máa di bí 1712, Joseph Addison ti fa àwọn òǹkọ̀wé lọ sí ilé kọfí Button ní àdúgbò kan náà, níbi tí wọ́n ti gbé orí kìnnìún kan ṣe àpótí tí òǹkàwé lè ju lẹ́tà sí lẹ́nu fún ìwé ìròyìn The Guardian. Addison kú ní 1719, ògo Button's sì wọmi. Ẹni tí ó bá mọ bí ilé ẹmu ṣe ń tú ká nígbà tí àgbà akéwì tàbí onílù tí ń mú ibẹ̀ dùn kò bá sí mọ́, kò ní ya ẹnu sí èyí. Ẹni tí a tìtorí rẹ̀ wá ti lọ. Kí ni a tún ń dúró ṣe?

Edward Lloyd kì í ṣe akéwì, kò sì sí olókìkí kan tí ó jókòó sí ilé rẹ̀. Ilé rẹ̀ wà ní òpópónà Tower, nítòsí odò Thames, níbi tí àwọn ọ̀gá ọkọ̀ òkun, àwọn atukọ̀ àti àwọn oníṣòwò ti ń kọjá lójoojúmọ́. Ibi tí orúkọ rẹ̀ ti kọ́kọ́ hàn nínú ìwé ìròyìn kò níyì rárá: nínú London Gazette ti oṣù Kejì 1689 (1688 ní ìṣirò àtijọ́), ẹnì kan ní ìlú Derby kéde pé wọ́n jí aago márùn-ún, àti pé ẹni tí ó bá ní ìròyìn nípa wọn lè mú un wá sí ilé kọfí Lloyd, yóò sì gba gínì kan. Ìkéde kékeré yìí ṣe pàtàkì fún wa. Ó fi hàn pé ẹni tí ó jìnnà sí London gbà pé bí a bá fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní Lloyd's, yóò dé ọwọ́ ẹni tí ó ni ín. Ilé kọfí ti di àdírẹ́sì.

Ní 1691 Lloyd kó lọ sí òpópónà Lombard, nítòsí olú ilé ìfìwéránṣẹ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ọkọ̀ òkun ní gbàǹjo, pẹ̀lú àbẹ́là kúkúrú tí a tàn. Ẹni tí iye owó rẹ̀ bá wà nílẹ̀ nígbà tí iná àbẹ́là kú ni ó ra ọkọ̀. Ní 1696 Lloyd bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn kan jáde, Lloyd's News, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, lórí ọkọ̀ tí ó dé àti èyí tí ó lọ. Kò pé ọdún kan tí ó fi dáwọ́ dúró, nítorí ó tẹ ọ̀rọ̀ kan tí Ilé Ìgbìmọ̀ Àwọn Olóyè kò fẹ́. Ìròyìn kò kúrò nínú ilé náà ṣá. Ẹnu ni wọ́n fi ń kà á. Wọ́n gbé àga gíga kan kalẹ̀, bí àga ìwàásù, tí ọmọ agbáwo yóò gùn láti ka ìròyìn fún gbogbo ilé. Addison fi ṣe ẹ̀fẹ̀ nínú The Spectator ní 1711: ó kọ̀tàn pé ìwé tí òun kọ èrò wúruwùru òun sí já bọ́ ní Lloyd's, ọmọdékùnrin sì gun àga lọ kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. Ẹ̀fẹ̀ kì í dùn àfi bí òǹkàwé bá mọ ibẹ̀.

Báwo ni ìdójútòfò ṣe ń ṣẹlẹ̀ nídìí tábìlì kọfí? Oníṣòwò tí ó fẹ́ rán ọkọ̀ lọ sí òkè òkun yóò gbé ìwé kan fún alágbàtà. Alágbàtà yóò máa gbé e kiri láti tábìlì sí tábìlì. Ẹni tí ó bá gbà láti pín nínú ewu yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà, pẹ̀lú iye tí òun yóò san bí ọkọ̀ bá rì. Ẹlòmíràn yóò kọ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, títí iye náà yóò fi pé. Olúkúlùkù ni ó dúró fún tirẹ̀, gbogbo ohun ìní rẹ̀ ni ó sì fi ṣe ìdúró. Èyí jọ èsúsú ní ọ̀nà kan: kò sí báńkì tàbí ilé ẹjọ́ láàárín wọn lójoojúmọ́, ìwà ẹni ni ẹ̀rí. Ó yàtọ̀ sí èsúsú ní ti pé ẹni tí ó ni ọkọ̀ kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Ohun tí ó ń rà ni ìdánilójú pé àwọn orúkọ tí ó wà lórí ìwé náà kì í sá. Fún ẹni tí ń kọ orúkọ, ìbéèrè méjì ni ó ń dúró dè é: ṣé ọkọ̀ yìí le, ṣé ọ̀gá rẹ̀ mọ iṣẹ́? Ibi kan ṣoṣo tí ó ti lè rí ìdáhùn kíákíá ni ibi tí gbogbo àwọn tí ó mọ̀ ti ń jókòó. Bí ó bá lọ sí ilé kọfí mìíràn, ó lè rí kọfí tí ó sàn jù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ yóò fọ́ sí ọjà. Nítorí náà ni a kò fi lè pe Lloyd's ní ibi kẹta bí Oldenburg ṣe sọ. Ibi iṣẹ́ gan-an ni. Kọfí ni owó ìwọlé.

Lloyd kú ní 1713. Bí ó bá jẹ́ pé òun ni àwọn oníbàárà tìtorí rẹ̀ wá, ibẹ̀ ni ìtàn ìbá parí sí, bí ti Will's àti Button's. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Handy, ti fẹ́ William Newton, olórí àwọn agbáwo. Newton jogún ilé náà, ó sì kú ní ọdún kejì. Handy fẹ́ Samuel Sheppard. Sheppard náà jẹ ọ̀gá, ó kú ní 1727, ilé náà bọ́ sọ́wọ́ arábìnrin rẹ̀ àti ọkọ rẹ̀, Thomas Jemson. Jemson yìí ni ó dá Lloyd's List sílẹ̀ ní 1734. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin yìí tí ó ń jẹ́ Lloyd, kò sì sí ẹni tí ó gbìyànjú láti yí orúkọ ilé náà padà sí tirẹ̀. Àwọn tí ń kọ lẹ́tà láti àwọn èbúté, tí wọ́n ń sọ ọkọ̀ tí ó dé àti èyí tí ó fara gbá, Lloyd's ni wọ́n ń kọ sí ara lẹ́tà. Nígbà tí ìròyìn pé Ọ̀gágun Vernon ti gba Porto Bello dé ní oṣù Kẹta 1740, ọ̀gá Lloyd's nígbà náà, Richard Baker, ni ó gbé e lọ fún Robert Walpole, olórí ìjọba.

Òfin ìjọba náà dá kún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ohun tí ó pète. Ní 1720, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fún ilé-iṣẹ́ méjì, Royal Exchange Assurance àti London Assurance, ní àṣẹ ìdójútòfò ọkọ̀ òkun, ó sì fòfin de ilé-iṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́ òwò mìíràn. Kò fòfin de ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ó bá fi orúkọ ara rẹ̀ ṣe é. Àwọn oníkálukú wọ̀nyí kò lè dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n jókòó pọ̀ sí ojú kan. Òfin tí ó dí ọ̀nà mọ́ ẹgbẹ́ ni ó sọ tábìlì ilé kọfí di ohun tí kò ṣeé fi sílẹ̀.

A kò lè sọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé ní Lloyd's kí á má sọ ohun tí àwọn ọkọ̀ náà ń kó. Ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ tí a dójú tòfò rẹ̀ nídìí tábìlì wọ̀nyẹn ni ó ń kó ẹrú láti etíkun Áfíríkà lọ sí Jàmáíkà àti Barbados, àti láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó ṣúgà, àti kọfí fúnra rẹ̀ nígbà tí ó yá, padà sí London. Lloyd's List ń kọ orúkọ ọkọ̀ ẹrú bí ó ṣe ń kọ ti ọkọ̀ òwú, débi pé ó wà lára àwọn orísun pàtàkì tí àwọn òpìtàn tí wọ́n kó àkọsílẹ̀ ìrìnàjò òwò ẹrú Àtìláńtíìkì jọ fi ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí á ṣọ́ra níbi yìí. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn ènìyàn wa tí a kó rékọjá òkun ni a kó lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé ti ń dàrú, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, sí Bàhíà àti Kúbà, nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò náà fún àwọn ọmọ tirẹ̀ ní 1807. Ṣùgbọ́n ní ọ̀rúndún kejìdínlógún pẹ̀lú, nígbà tí Ọ̀yọ́ ń ta ẹrú gba Ouidah, Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tí ń dúró ní etíkun. Nínú London, ìkéde nípa ẹrú tí ó sá lọ máa ń dárúkọ ilé kọfí kan tí a lè mú un wá, bí a ṣe ní kí á mú ìròyìn aago márùn-ún wá sí ọ̀dọ̀ Lloyd. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí a ń yìn ní ògiri. Àwọn kan wà ní ẹ̀yìn ògiri náà tí a kọ iye owó wọn sórí ìwé.

Onílé kọfí gbà pé òun ni ó ni ìròyìn tí a ń kà nínú ilé òun. Ní nǹkan bí 1728, àwọn onílé kọfí London àti Westminster kó ara wọn jọ láti ráhùn pé owó ìwé ìròyìn ń pa àwọn, wọ́n sì fẹ́ tẹ tiwọn jáde láti inú ọ̀rọ̀ tí oníbàárà ń sọ nídìí tábìlì. Àwọn oníwèé ìròyìn fi wọ́n ṣẹ̀sín, ètò náà kò sì gbérí. Wọ́n ti gbàgbé pé àwọn tí ń sọ̀rọ̀ náà ni ó ni ín.

Lloyd's ni a ti rí èyí kedere. Nígbà tí ó di ọdún 1760 síwájú, tẹ́tẹ́ ti wọ inú ìdójútòfò ní òpópónà Lombard. Àwọn kan ń kọ orúkọ sábẹ́ ìwé lórí ẹ̀mí ènìyàn tí kò bá wọn tan: bóyá olóyè báyìí yóò kú nínú àìsàn rẹ̀, bóyá wọn yóò bẹ́ orí ẹlòmíràn. Àwọn tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ òkun ni iṣẹ́ wọn rí i pé orúkọ wọn ń bà jẹ́ lábẹ́ òrùlé kan náà. Ẹni tí ó ni ilé kò ṣe nǹkan sí i. Pẹ́nì atatẹ́tẹ́ àti pẹ́nì adójútòfò kò yàtọ̀ nínú àpò rẹ̀.

Ní 1769 wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀. Agbáwo kan ní Lloyd's, Thomas Fielding, gba ilé kan fún wọn ní Pope's Head Alley, nọ́ńbà 5, ó sì kọ Lloyd's Tuntun sára rẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, Lloyd's méjì ni ó wà ní London, ìkọ̀ọ̀kan sì ń tẹ ìwé ìròyìn ọkọ̀ tirẹ̀. Ilé àtijọ́ ní ohun gbogbo tí amòfin lè pè ní ti Lloyd: ilé náà gan-an, ìwé àdéhùn rẹ̀, àwọn àga àti tábìlì, ẹ̀tọ́ tí ó ti ọwọ́ Edward Lloyd bọ́ sọ́wọ́ àwọn àrólé rẹ̀. Ilé tuntun há, kò sì dára tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ní ni àwọn ènìyàn tí orúkọ wọn ní ìsàlẹ̀ ìwé jẹ́ ẹ̀rí. Kò tó ogún ọdún tí ilé àtijọ́ fi kú pátápátá, nígbà náà sì ti pẹ́ tí kò sí ẹni tí ń béèrè èwo ni Lloyd's gidi.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni àwọn òpìtàn ìdójútòfò fẹ́ràn jù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1771, àwọn 79 nínú wọn dá £100 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi owó náà pamọ́ sí Báńkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì yan ìgbìmọ̀ láti wá ilé mìíràn. John Julius Angerstein, ọmọ tí wọ́n bí ní Rọ́ṣíà, ni ó ṣe ọ̀nà tí wọ́n fi rí àyè nínú Royal Exchange, wọ́n sì kó lọ síbẹ̀ ní oṣù Kẹta 1774. Láti ọjọ́ náà, kò sí onílé kọfí mọ́ ní Lloyd's. Àwọn oníbàárà ni ó ni ilé. Ọ̀gá ilé kọfí di ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́. Fielding, tí ó ti rò pé òun kó oníbàárà ọ̀gá òun lọ, rí i pé àwọn oníbàárà náà ni ó kó òun dání.

Kí a má ba à rò pé Lloyd's nìkan ni, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ilé kọfí Jonathan ní Exchange Alley, láàárín àwọn alágbàtà ìpín ìdókòwò. Ibẹ̀ ni John Castaing ti ń gbé ìwé iye owó ìpín rẹ̀ jáde láti 1698. Ní nǹkan bí 1761, bí 150 nínú wọn háyà ilé náà pé kí ó jẹ́ tiwọn nìkan. Ẹnì kan tí wọ́n lé jáde gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì dá a láre pé ilé kọfí wà fún gbogbo ènìyàn. Wọ́n dákẹ́, wọ́n kọ́ ilé mìíràn ní Sweeting's Alley ní 1773, wọ́n ń pè é ní Jonathan's Tuntun ní àkọ́kọ́, kí wọ́n tó sọ ọ́ ní Stock Exchange. Àwọn yìí ju orúkọ náà nù nígbẹ̀yìn; àwọn ti Lloyd's dì í mú. Èrò tèmi ni pé lẹ́tà ni ó fa ìyàtọ̀ náà. Alágbàtà ìpín ń bá ẹni tí ó wà lójú rẹ̀ ṣòwò. Adójútòfò ń gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí ó wà ní èbúté tí ó jìnnà, tí orúkọ kan ṣoṣo ni ó mọ̀ láti kọ sí ara lẹ́tà.

Iná jó Royal Exchange ní oṣù Kìn-ín-ní 1838, ó sì jó Lloyd's mọ́ ọn. Wọ́n sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Nígbà tí wọ́n padà wọ ilé tuntun ní 1844, òwò wọn kò dín kù. Ní 1871, òfin ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sọ ẹgbẹ́ náà di àjọ tí òfin mọ̀, pẹ̀lú orúkọ onílé kọfí tí ó ti kú ní ọdún 158 ṣáájú. Títí di òní, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń dúró nínú gbọ̀ngàn ìdójútòfò wọn, agbáwo ni orúkọ iṣẹ́ wọn.

Ní oṣù Kẹfà 2020, Lloyd's tọrọ àforíjì fún ipa tí ó kó nínú òwò ẹrú. Kò sí àkọsílẹ̀ pé Edward Lloyd fúnra rẹ̀ dójú tòfò ọkọ̀ kankan. Kọfí ni ó tà, ó sì háyà àyè fún gbàǹjo. Bí a bá gbà pé àwọn oníbàárà ni ó ni orúkọ náà láti 1769, a jẹ́ pé gbèsè tí ó wà lára rẹ̀, tiwọn ni pẹ̀lú, kì í ṣe ti àwọn ọmọ Handy. Iṣẹ́ tí ó kù fún àwa tí a ń kọ ìtàn etíkun tiwa ni láti ka Lloyd's List pẹ̀lú àkọsílẹ̀ Ouidah, Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì nígbà kan náà, ọdún sí ọdún, kí á lè mọ ọkọ̀ wo ni ó gbéra nígbà wo, àti ta ni ó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ nídìí tábìlì kọfí.